Òdòdó POP Tó Já Lókè Ibùsùn

Pátákó ọ̀ṣọ́ kan tí ìyá ìbejì kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó sì lẹ̀ mọ́ ògiri lókè ibùsùn, já lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Orí ìrọ̀rí ló bọ́ sí. Ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta méjèèjì máa ń gbórí lé tí oorun ọ̀sán bá gbé wọn. Ọlọ́run ló yọ wọ́n pé oorun ò tíì kùn wọ́n lọ́jọ́ náà. Òdòdó méjì fọ́ yángá, ọ̀dà ògiri bó ní ojú méjì. Ayálégbé sì ni wọ́n: ìwé àdéhùn wọn sọ pé wọn ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri, àti pé bí wọ́n ṣe bá yàrá náà ni wọ́n máa fi í sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní nígbà tó pè mí, “ẹ ṣáà dárúkọ gọ́ọ̀mù tó lágbára jù fún mi. Màá tún un lẹ̀ lónìí.”

Mo ní kó má ra nǹkan kan ná. Kó má kó àfọ́kù dànù, kó má sì yọ téèpù tó kù lára ògiri títí màá fi dé. Wàhálà tí mo máa ń ní pẹ̀lú irú iṣẹ́ yìí nìyẹn: kí wọ́n tó pe èèyàn, wọ́n á ti gbálẹ̀ tán, kò ní sí ohun tí èèyàn máa wò mọ́.

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú ilé ìdáná kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbú yàrá náà jẹ́ mítà 3, òòró rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Ibùsùn ti gba ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀. Láàárín ẹsẹ̀ ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá sì gbé ọmọ dání, ẹ̀gbẹ́ ló máa fi rìn. Nínú ilé tó fún báyìí, kò sí ibi tí a máa gbé ọ̀ṣọ́ sí tí èjìká tàbí orí ọmọdé kò ní dé.

Ohun tí àfọ́kù ń wí

Pílááwúùdù tínrín ni pátákó náà, gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 40, ìbú rẹ̀ 50. Òdòdó méje ló wà lórí rẹ̀, POP, ìyẹ̀fun funfun tí a máa ń po omi mọ́ kó lè le, ni gbogbo wọn. Ó dà wọ́n sínú abọ́ ike, ó wá fi ọ̀bẹ gbẹ́ ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, n ò ní purọ́. Mo mọ àwọn tó ń gbowó lórí irú iṣẹ́ yìí tí tiwọn ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ga jù nínú wọn yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 14. Téèpù olójú méjì mẹ́rin ló fi lẹ̀ ẹ́, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan.

A kó gbogbo rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, àti odindi àti àfọ́kù: kílò 3.4. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí téèpù náà ni pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á gbé kílò 4. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti rú u lójú. “Ẹ ò rí i pé kò tiẹ̀ tó?”

Àkọ́kọ́ ná, kì í ṣe kílò 3.4 ló gbé kọ́. Ọjọ́ kejì tó da POP náà ló ti gbé e sára ògiri. Òkúta jípúsọ́ọ̀mù ni POP. Wọ́n fi iná lé èyí tó pọ̀ jù nínú omi ara rẹ̀ jáde, wọ́n sì lọ̀ ọ́ kúnná. Tí a bá po omi mọ́ ọn padà, á tún di òkúta. Ṣùgbọ́n omi tó fẹ́ láti fi le kò pọ̀: gíráàmù 100 ìyẹ̀fun náà kò nílò ju bíi gíráàmù 19 lọ. Kó lè ṣàn kó sì wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ike la ṣe máa ń po nǹkan bíi 70 mọ́ ọn. Àṣẹ́kù omi yẹn, bíi 50, inú òdòdó ló wà, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló sì máa fi gbẹ jáde. Ojú òdòdó á ti le, á ti funfun báláú, èèyàn á rò pé ó ti parí. Ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: tó bá ṣì tutù, omi ṣì wà níbẹ̀. Tí a bá ṣírò rẹ̀ padà, ohun tó wà lókè ibùsùn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e kọ́ ti kọjá kílò 4, omi náà sì ń rin pílááwúùdù tí téèpù lẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀, ìwúwo nìkan kọ́. Mo wo téèpù. Méjì tó wà lókè jáwọ́ láìfa nǹkan kan ya. Ojú wọn ṣì ń dán, lẹ́búlẹ́bú funfun díẹ̀ ló wà lára wọn. Méjì ìsàlẹ̀ ló fa ọ̀dà ògiri ya. Ohun tó bá já nítorí pé ó wúwo jù, ńṣe ló máa ń yọ̀ bọ̀ nílẹ̀, á sì fi ipa yíyọ̀ sílẹ̀ lára ògiri. Èyí kò yọ̀ rárá. Òkè ló ti ṣí, ó da orí síwájú, ìsàlẹ̀ ló wá fà ya kẹ́yìn.

Iye kílò tí wọ́n kọ sára páálí téèpù, ti nǹkan pẹlẹbẹ tó fara mọ́ ògiri tó sì ń wọ́ lọ sísàlẹ̀ ni. Téèpù lágbára gan-an sí irú ìwọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ń fà á kúrò lára ògiri láti etí kan, bí ìgbà tí èèyàn ń bó ìwé lára ìgò, agbára yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó sì ń fa etí òkè ni bí òdòdó ṣe yọ síta tó.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wo ibi tí ìwúwo nǹkan náà kó jọ sí, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí ògiri tó. Ẹ fi sọ ìwúwo di púpọ̀, ẹ wá fi gíga tó wà láàárín téèpù òkè àti etí ìsàlẹ̀ pín in. Tirẹ̀ jẹ́ kílò 3.4, sẹ̀ǹtímítà 6 sí ògiri, gíga 36. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 570 tó ń fa etí òkè kúrò lára ògiri tọ̀sán tòru, láìsinmi. Gíráàmù 570 kò jọ nǹkan kan létí, ṣùgbọ́n téèpù kì í sùn. Lẹ́búlẹ́bú funfun tí mo rí lára rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀: ọ̀dà ògiri náà ti ń yìnrìn. Mo fìka pa á, ó bá ọwọ́ mi wá. Kí téèpù tó kan ògiri gan-an, lẹ́búlẹ́bú ló kọ́kọ́ mú.

Gọ́ọ̀mù tó lágbára jù tó ń bèèrè kò ní ṣe ju pé kó fa odindi ọ̀dà yẹn ya. Onílé á wá ní ẹjọ́ tó máa rò.

Ohun tí a kọ̀ àti ohun tí a mú

Ó kọ́kọ́ ní kí á fi fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di ẹ̀rọ sínú páálí gbẹ́ òdòdó míì, nítorí pé kò wúwo. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fóòmù yẹn máa ń rọ̀ nínú ooru omi híhó, tí iná bá sì mú un, kíákíá ló ń jó, tòun ti èéfín dúdú, á sì máa yọ́ kán sílẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n ń fín jáde nínú agolo àti gọ́ọ̀mù olóòórùn líle pàápàá máa ń jẹ ẹ́ dihò. Níbi tí èèyàn mẹ́rin ti ń sùn, tí ilé ìdáná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, n ò fọwọ́ sí i. Páálí ni mo ní kí á lò dípò rẹ̀. Òun náà ń jó o, kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í jó. Ṣùgbọ́n kì í yọ́ kán léni lórí.

Ó tún fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ní àárín òdòdó. Mo bi í pé ta ló máa kọ́kọ́ tu ú. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wo àwọn ìbejì. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n fi ń dán ohun ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta wò ni ihò kan tí fífẹ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà 3: ohun tó bá wọlé sínú rẹ̀ pátápátá lè há ọmọ lọ́fun. Àwọn ìbejì yìí ti pé mẹ́ta lóòótọ́, àmọ́ gbogbo nǹkan ni wọ́n ṣì ń fi sẹ́nu. Ìlẹ̀kẹ̀ jáde nínú ọ̀rọ̀ wa.

Bàbá Ìbejì ló sọ ohun tó là mí lọ́yẹ̀. Ó ní, “Ibùsùn yìí, tiwa ni, kì í ṣe ti onílé.” Bẹ́ẹ̀ ni o! Ìgbérí ibùsùn wọn jẹ́ pákó tó nípọn. A lè lu ihò sí i bó ṣe wù wá, a lè fi sikúrù dè é. Kí ló dé tí ògiri á fi gbé nǹkan rárá? Ilẹ̀ ni kó gbé e, kí ibùsùn sì dì í mú.

Bí a ṣe mú un nìyẹn. Pátákó méjì tó ń dá dúró, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 60, gíga 150, tí ẹsẹ̀ wọn wà nílẹ̀ lẹ́yìn ìgbérí ibùsùn. Férémù pákó tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2 ni egungun wọn, páálí ni ara. Ibi tí ìgbérí àti ìrọ̀rí bò, a ò ṣe ọ̀ṣọ́ kankan síbẹ̀. Láti sẹ̀ǹtímítà 60 lọ sókè lọ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo gé ojú kan sílẹ̀ ní ọ̀gangan ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sin sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀yìn páálí.

Òdòdó rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Dípò kéékèèké méje, ńlá kan ṣoṣo ló yà, tó gba orí pátákó méjèèjì. Ewé rẹ̀ ga ní ìpele ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ páálí kan tó nípọn ní nǹkan bíi mìlímítà 4. Ìpele méje ló ga jù, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 2.8. Láti ara ògiri dé ibi tó yọ jù, kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ.

Ìwúwo pátákó kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní kílò 4, ó wúwo ju èyí tó já lọ. Ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí ògiri, gíga rẹ̀ sì pọ̀: ohun tó ń fa òkè rẹ̀ síwájú kò ju gíráàmù 60 lọ. Sikúrù méjì ló sì de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìgbérí. Kó tó lè dojú bolẹ̀, àfi kí ibùsùn tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ náà gan-an

Nínú páálí alápòótí, ìwé kan wà láàárín tó ká kọ́rọkọ̀rọ, tó ń ṣe ihò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó tò lọ sí ọ̀nà kan. Lọ́nà tí ihò yẹn gbà lọ, páálí náà le, kì í tètè tẹ̀. Lódìkejì, ó rọrùn láti ká. Nítorí náà a jẹ́ kí ihò ìpele kan dúró lóòró, kí ti èyí tó tẹ̀ lé e dùbúlẹ̀ ní ìbú. Ọgbọ́n tó wà nínú pílááwúùdù náà nìyẹn.

Abẹ tuntun la fi gé e. Abẹ tó ti kú kì í gé páálí, ńṣe ló ń tẹ ihò rẹ̀ pa, etí á sì rí jágajàga. Ẹ má sì fi agbára gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi abẹ tọ ojú ìlà wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ tún un tọ̀, ẹ tún un tọ̀. Òun fúnra rẹ̀ á já. Ìyá Ìbejì tètè mú eléyìí. Ọkọ rẹ̀ ló ń bá abẹ jà.

Òun náà ló fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ tó fi kun ojú ìpele kan ní ọ̀dà olómi nígbà tí a ò sí nítòsí. Nígbà tó gbẹ, páálí náà ti ká kòtò, etí rẹ̀ dìde sí ọ̀nà ojú tó kùn. Ìwé tó bá mumi máa ń fẹ̀, tó bá wá gbẹ á sún kì. Ojú kan sún kì, èkejì ò ṣe nǹkan kan, kí ló máa ṣe tí kò ní ká? A kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, a kó o sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì mọ́jú, ó sì tẹ́jú padà. Láti ìgbà náà, kò sí páálí tí a kùn lójú tí a ò kùn lẹ́yìn.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn kápẹ́ńtà ń lò la fi lẹ ìpele mọ́ ara wọn. A ò lo gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun sè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ lò fún iṣẹ́ ìwé rírẹ. Ìyẹ̀fun máa ń bu, kòkòrò sì ń jẹ ẹ́, pàápàá nínú yàrá tí èèyàn mẹ́rin ti ń mí lóru tí fèrèsé sì wà ní títì. Etí páálí tó ṣí sílẹ̀ tó ń fi ihò inú rẹ̀ hàn ló kù. Òun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ páálí jọ iṣẹ́ ọmọ iléèwé. A ya ìwé ìròyìn sí tẹ́ẹ́rẹ́, a rì í sínú gọ́ọ̀mù tí a fi omi là ní ìlàjì ìlàjì, a fi bo gbogbo etí lẹ́ẹ̀mejì, a sì jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ dáadáa kí a tó lé ìkejì. Iṣẹ́ tó gba àkókò jù nìyẹn. Ẹni tó bá fò ó kò ṣe nǹkan kan.

Etí tó kọjú sókè nìkan la fi sáńpépà ha kó dagun, kó má tẹ́jú. Ibi tó bá tẹ́jú sókè ni eruku ń jókòó sí.

Lórí àwọ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Wúrà tó ń dán ló fẹ́. Mo sọ̀tàn Louise Nevelson fún un, obìnrin tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Ukraine ní 1899, tó dàgbà ní Amẹ́ríkà, tó sì kú ní 1988. Àjákù pákó ló máa ń tò sínú àpótí: ẹsẹ̀ àga, ọwọ́ àtẹ̀gùn, ohunkóhun tó bá rí. Á to àpótí wọ̀nyẹn jọ títí wọn á fi kún odindi ògiri, á wá kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ kan ṣoṣo, dúdú lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó ṣe ní 1958, tó pè ní Sky Cathedral, wà ní ilé ọnà MoMA ní New York. Àwọ̀ kan yẹn ló ń jẹ́ kí ojú gbàgbé pé àjákù ni, kó sì wo òjìji nìkan. Páálí àti ìwé ìròyìn ló wà lọ́wọ́ tiwa; tí a bá fi wúrà dídán lé e, gbogbo wúruwùru abẹ́ rẹ̀ ló máa tàn síta.

Dúdú kọ́ la lò, ṣá o. Ògiri Nevelson wà nínú gbọ̀ngàn; nínú yàrá yìí, dúdú á gbé òjìji mì pátápátá. Àwọ̀ eyín erin tí kì í dán la fi kùn ún. Inú rẹ̀ ò dùn títí tí a fi gbé iná lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́ nìyẹn. Gílóòbù tó wà láàárín àjà ń tàn tààrà sí ojú ògiri, ó sì ń pa òjìji rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 2.8 á wá dà bí ìwé pẹlẹbẹ. A gbé àtùpà ẹ̀gbẹ́ ibùsùn sún mọ́ ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè máa fi ẹ̀gbẹ́ gba ojú ọ̀ṣọ́ náà kọjá. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti dagun tó ìwọ̀n dígírì 20 sí ojú pátákó, ohun tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 2.8 ń ju òjìji tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Kò sí ìdí tó fi yẹ kí òdòdó yọ síta ní 14. Gílóòbù LED tí kì í gbóná la fi sí i, a sì rí i pé kò fara kan páálí níbì kankan.

Òdòdó POP márùn-ún tó ṣẹ́ kù ń bẹ lórí pèpéle fèrèsé, wọ́n dùbúlẹ̀ ni, ọwọ́ àwọn ọmọ ò tó o. Ògiri tó bó, sáńpépà àti ọ̀dà tó bá ti tẹ́lẹ̀ mu la fi tún un ṣe, ibẹ̀ ò sì gba wàhálà.

Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ labalábá oníwèé sí ògiri tó kọjú sí ẹsẹ̀ ibùsùn, níbi tó fún yẹn. Mo ní kò burú, tí kò bá ti yọ ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Nínú òfin ADA tí Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn aláìlera, ohun tó bá wà lára ògiri ibi tí èèyàn ń gbà kọjá, láti sẹ̀ǹtímítà 69 sí 203 sókè, kò gbọdọ̀ yọ ju 10 lọ, nítorí ọ̀pá afọ́jú ò ní kàn án nísàlẹ̀ kí ara onítọ̀hún tó kàn án lókè. Ilé ìjọba àti ibi tí gbogbo ayé ń wọ̀ ni òfin yẹn wà fún, 10 yẹn sì lè bójú mu níbi tó láyè. Níbi tí èèyàn ń fẹ̀gbẹ́ rìn pẹ̀lú ọmọ lápá, 10 ti pọ̀ jù. Ìwé lásán tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, téèpù kékeré tó ṣeé bó tó o, lẹ́yìn tí a bá ti fi aṣọ nu lẹ́búlẹ́bú kúrò lójú ògiri.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ wò ó. Òkè dúró bó ṣe wà. Ìsàlẹ̀ pátákó apá òsì ló ti wú díẹ̀, páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí: omi tí wọ́n fi ń nulẹ̀ ló ń fà sókè. A tú sikúrù, a gé ibi tó wú kúrò, a sì fi róbà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 2 sábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo sọ fún un pé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà gbígbẹ tó rọ̀ ni kó máa fi gbọn eruku rẹ̀, kì í ṣe aṣọ tútù. Tí wọ́n bá ń kó lọ sílé míì, sikúrù mẹ́rin ni wọ́n máa tú, pátákó kọ̀ọ̀kan á sì gba ẹnu ọ̀nà kọjá lóòró.